Ọ̀nà Afẹ́ tí Yẹ̀kínì Là fún Ọ̀gá Rẹ̀

Gbogbo Òkokomáìkò ló ń sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni àbúrò mi Yẹ̀kínì, nítorí pé kì í pariwo, kì í mutí, kì í sì bú dẹ́rẹ́bà ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú títì. Ẹ dákun, ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Èmi Sìdíkàt tí mo pọ̀n ọ́n ní Ìsẹ́yìn mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó wà ní kékeré, bí ẹnì kan bá já àkàrà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní sunkún. Á kàn wo olúwarẹ̀, á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì máa dúró. Ó lè dúró títí ọdún fi máa yípo kó tó sọ òkò. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, kì í tàsé.

Orí agbégilódò ló ti kọ́ mọ́tò wíwà nígbà tí a dé Èkó. Igi gẹdú ni wọ́n ń kó láti inú igbó ẹ̀yìn Ìbà wá sí etí ọ̀sà. Kò sí ipa ọ̀nà kan láàárín Òjó sí Ọ̀tọ̀-Àwórì tí kò mọ̀. Ó mọ ibi tí yanrìn ti máa ń mu táyà, ó mọ afárá onígi tó lè gba mọ́tò àti èyí tí kò lè gba ju kẹ̀kẹ́ lọ. Nígbà tí ogun parí tí owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ìlú, kọ́ntírátọ̀ kan tó ń jẹ́ Fọlárìn gbà á síṣẹ́. Ẹ ó rí i pé mi ò ní máa pe Fọlárìn ní “wọ́n.” Ó jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gba ọ̀wọ̀ náà, ẹ sì máa tó mọ ìdí rẹ̀.

Ọdún 1972 ni ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì títì kí wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún. Rédíò pariwo rẹ̀ títí etí fi kún. Ní àwọn abúlé tí kò ní rédíò, wọ́n ń lu agogo kiri pé kí ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn máa gba apá òsì, kí ó lè máa rí mọ́tò tó ń bọ̀ lójúkojú. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyípadà yẹn ni Fọlárìn ń lọ wo ilẹ̀ kan lẹ́yìn Ìbà. Mọ́tò rẹ̀ ṣì ń dán, kò sì tíì wà á fúnra rẹ̀ rí. Ó ní kí Yẹ̀kínì sún, ó gba sítíárìnnì. Ó ti mu bíà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n dé abúlé kan tó ń jẹ́ Ìdí-Àgbọn, ọwọ́ rẹ̀ gbàgbé òfin tuntun, ó ya sápá òsì tó ti mọ́ ọn lára. Ọmọbìnrin kan tó ru àgbọn ń lọ níwájú lápá òsì náà, níbi tí wọ́n ní kó máa gbà. Ọmọ́yẹlé lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ni mọ́tò ti bá a, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Kí ọlọ́pàá tó dé, Fọlárìn di ọwọ́ àbúrò mi mú. Ó ní, “Yẹ̀kínì, bá mi gbé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, màá ti gbà ọ́ jáde. Ìyá ẹ ti di ìyá mi láti òní lọ, dókítà tèmi ló máa tọ́jú wọn.” Ìyá wa wà lọ́dọ̀ mi ní Òkokomáìkò nígbà náà, ikọ́ burúkú ń bá wọn jà. Yẹ̀kínì ronú kan ìyá wa. Nígbà tí ọlọ́pàá béèrè ẹni tó wa mọ́tò, ó ní òun ni.

Ọdún méjì ló fi ṣẹ̀wọ̀n. Fọlárìn kò yọjú sí kóòtù, dókítà kankan kò sì tẹ ilẹ̀kùn wa. Mo lọ sílé rẹ̀ láìmọye ìgbà. Máígádì á ní ọ̀gá ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni èmi ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá wa wú ikọ́ wọnú oṣù ààwẹ̀, wọn ò rí òpin rẹ̀. Èmi àti àwọn ará mọ́ṣáláṣí la sin wọ́n. Èmi náà ni mo lọ sọ fún Yẹ̀kínì lójú irin ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kò sunkún. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Nígbà tó jáde, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé lọ́rì fún un. Dẹ́rẹ́bà tó pa ọmọ ni wọ́n ń pè é ní gbogbo ibùdókọ̀ títí dé Ìyànà Ìbà. Ohun tó wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn mú kí n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí: ó padà lọ bẹ Fọlárìn fún iṣẹ́. Fọlárìn gbà á tayọ̀tayọ̀, ó tún ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ń ṣàánú ẹlẹ́wọ̀n. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo bú Yẹ̀kínì lọ́jọ́ náà, mo ní kò ní ìtìjú, mo ní egungun ìyá wa kò ní sinmi.

Ó jẹ́ kí n bú u tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ló ní, “Àǹtí, ṣé bí èèyàn bá fẹ́ mú ẹja, òkè ló máa ń gbà lọ?”

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ó ń dúró. Mo gbé igbá kẹrosíìnì mi, mo ń tà, èmi náà ń dúró. Kò sí ìgbà tí mo kírun tí mi ò ní kí Ọlọ́run fi ojú Fọlárìn hàn mí nílẹ̀. Àánú rẹ̀ kò ṣe mí rí, mi ò sì ní purọ́ fún yín.

Ọdún 1977 ni ilẹ̀kùn ṣí. Fọláyẹmí, ọmọ Fọlárìn, fẹ́ fẹ́ Babátúndé, ọmọ ìdílé Májẹ́kódùnmí ní Ìbàdàn. Ẹ mọ̀ pé bí ìdílé gidi bá fẹ́ gbéyàwó, wọn kì í kàn wo ojú ọmọ. Wọ́n á wádìí ilé tó ti wá: ṣé kò sí olè níbẹ̀, ṣé kò sí wèrè, ṣé ọwọ́ baba rẹ̀ mọ́? Wọn kì í bi mọ̀lẹ́bí, nítorí mọ̀lẹ́bí á bo àṣírí. Alágbàfọ̀, alásè àti dẹ́rẹ́bà ni wọ́n máa ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá Májẹ́kódùnmí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Abíọ́dún, ń bọ̀ láti wá wo àwọn àna. Fọlárìn mọ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe. Ó fẹ́ fi afẹ́ dí wọn lójú.

Ó pe Yẹ̀kínì. Ó ní, “Ará òkè ni wọ́n, wọn ò jókòó sétí ọ̀sà rí. Má gba títì ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń ṣe yẹn o, eruku kátápílà ti pọ̀ jù. Gba etí omi lọ, gba inú igbó bọ̀, kí ojú wọn rí nǹkan. Ìwọ ni kó o plan ẹ̀ látòkèdélẹ̀, mi ò fẹ́ wàhálà kankan.”

Yẹ̀kínì ní, “Kò ní sí wàhálà, sà.”

Ọjọ́ náà gan-an ló wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó gé igi kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀nà náà sórí yanrìn. Òjó ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọkọ̀ apẹja ti ń gúnlẹ̀, kí Ìyá Abíọ́dún lè ra ẹja yíyan. Láti ibẹ̀, wọ́n á gba etí ọ̀sà lọ sí Ìjàníkin lábẹ́ òjìji àgbọn, wọ́n á sì jẹun ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Ó wá ya ìlà mìíràn tó wọ igbó, tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ títí ó fi jáde lẹ́yìn Ìbà. Mo rí ibi tí ìlà náà gbà. Mo ní, “Yẹ̀kínì, Ìdí-Àgbọn nìyẹn.” Ó fi igi náà gún yanrìn níbẹ̀ títí igi fi ṣẹ́.

Mi ò tíì rí ẹni tó fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ la ọ̀nà rí. Ó yá kẹ̀kẹ́, ó gun gbogbo rẹ̀ láti Òjó títí dé Ìbà. Ó bẹ àwọn àgbẹ̀ kan pé kí wọ́n tún afárá onígi tó wà lẹ́yìn Ọ̀tọ̀-Àwórì kàn, ó bá wọn ru pákó sí i. Ó gé ẹ̀ka igi tó lè họ ara mọ́tò. Ó wádìí ibi tí òdòdó ti tan, ibi tí ọ̀bọ ti máa ń jáde, ibi tí atẹ́gùn omi ti ń fẹ́ jù. Bí Fọlárìn bá béèrè, á ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, inú ẹni yẹn á sì máa dùn. Ó dárúkọ gbogbo ìlú tí wọ́n máa gbà, àfi ọ̀kan. Ẹ̀rù ń bà mí pé Fọlárìn á bi í ní èyí tó kù. Kò bi í.

Mo ní kí ló fẹ́ ṣe bí wọ́n bá dé ibẹ̀. Ó ní, “Ìyá ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń ta àgbọn lẹ́bàá ọ̀nà. Lójú rẹ̀ àti lójú àwọn àna, màá sọ ẹni tó wa mọ́tò. Ìgbéyàwó á fọ́, orúkọ mi á mọ́, ìyá yẹn á mọ ẹni tó yẹ kó ṣépè fún.” Ara mi yá gágá. Mo ní mo fẹ́ wà níbẹ̀. Ó lọ sọ fún Fọlárìn pé òun ní ẹ̀gbọ́n kan tó mọ ẹja dín, báyìí ni mo ṣe di alásè wọn. Fọlárìn kò tiẹ̀ rántí ojú mi.

Ọjọ́ náà pé, a wọ Pijó 504 onílà ìjókòó mẹ́ta, Fọlárìn níwájú nínú aṣọ funfun, àwọn àna láàárín, èmi àti àwọn kúlà lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ọ̀nà náà dára. Oòrùn òwúrọ̀ ń dán lórí ọ̀sà, àwọn apẹja ń da àwọ̀n, Bàbá Májẹ́kódùnmí sì ń sọ pé, “Ah! Ah! Èkó yìí náà ni?” ní gbogbo ìgbà. Fọlárìn ń nawọ́ kiri bí ẹni pé òun ló gbẹ́ ọ̀sà. Ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, bí mo ṣe ń dín ẹja, Ìyá Abíọ́dún rọra sún mọ́ mi.

Wọ́n ní, “Ọmọ dáadáa, irú èèyàn wo ni ọ̀gá yín yìí? Sọ ọ́ fún mi bí ọmọ.”

Mo ní, “Ẹ fara balẹ̀ mà, ọ̀nà ṣì kù níwájú.” Wọ́n wò mí, wọn ò tún béèrè mọ́. Òróró ta sí mi lápá, mi ò sì mọ̀ ọ́n lára.

A wọ igbó. Àwọn ọ̀bọ tí Yẹ̀kínì ṣèlérí jáde lóòótọ́, wọ́n ń fò kiri, àwọn àna pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni igbó là, a rí ilé amọ̀ díẹ̀ àti obìnrin kan tó jókòó ti òkìtì àgbọn. Yẹ̀kínì dúró. Ó ní ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ó ń fẹ́ omi. Fọlárìn sọ̀kalẹ̀, ó na ara, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún.

Ó ní, “Ibí yìí mà tutù o! Kí ni wọ́n ń pe abúlé yìí?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò mọ̀ ọ́n. Ó pa ọmọ síbẹ̀, kò mọ orúkọ ibẹ̀. Bí mo bá ní ọ̀bẹ lọ́wọ́ ní wákàtí yẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí ǹ bá ṣe.

Ìyá Ọmọ́yẹlé bu omi wá fún wa nínú igbá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ìyá Abíọ́dún tó dàgbà jù. Nígbà tó kan Yẹ̀kínì, ó dúró pẹ̀lú igbá náà lọ́wọ́.

Yẹ̀kínì ní, “Ẹ dá mi mọ̀, mà?”

Ó ní, “Mo dá ọ mọ̀.”

Ni Yẹ̀kínì bá yíjú sí àwọn àna. Kò pariwo. Ó sọ fún wọn pé ní ọdún tí mọ́tò yí apá padà, mọ́tò Fọlárìn pa ọmọ obìnrin yìí síbi tí wọ́n dúró sí. Ó ní òun ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀. Ó ní, “Èmi kọ́ ni mo wà á. Ọ̀gá mi yìí ló wà á. Ó bẹ̀ mí kí n gbé e fún òun, ó sì jẹ́ kí ìyá mi kú.”

Fọlárìn fọn bí ẹfọ̀n. “Ẹ má dá a lóhùn! Ẹlẹ́wọ̀n ni! Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ ní kóòtù! Ṣé orí ẹ dàrú ni, you this useless man?” Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Mo gbádùn òógùn náà, mo ń wò ó bó ṣe ń ṣàn wọ kọ́là rẹ̀.

Ìyá Abíọ́dún kò wo ọ̀kankan nínú wọn. Ìyá ọmọ ni wọ́n bi. “Arábìnrin mi, ṣé òótọ́ ni dẹ́rẹ́bà yìí ń sọ?”

“Òótọ́ ni, mà. Mo wà lẹ́yìn ọmọ mi lọ́jọ́ náà, ẹrù igi ló wà lórí mi. Mọ́tò náà kọjá lára mi kó tó kàn án. Mo rí ẹni tó di sítíárìnnì mú. Ọkùnrin tó wọ aṣọ funfun yìí ni.”

Bàbá Májẹ́kódùnmí ṣí fìlà rẹ̀, ó tún un dé. Ìyá Abíọ́dún ní kí wọ́n gbé báàgì òun jáde nínú mọ́tò. Wọ́n ní, “Babátúndé kò ní fẹ́yàwó nínú ilé yẹn. Mi ò sì lè jókòó sínú mọ́tò tí ọkùnrin yìí bá wà.” Ìyá arúgbó náà di gèlè wọn dáadáa, àwọn àti àbúrò wọn sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sápá Ìbà nínú oòrùn. Fọlárìn sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, ó ń dìde, ó tún ń dọ̀bálẹ̀. Wọn ò wẹ̀yìn. Nígbà tó rí i pé ó ti bọ́, ó padà wá, ó já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ Yẹ̀kínì, ó sì wa mọ́tò lọ tòun ti kúlà àti ẹja dídín. Mo pàtẹ́wọ́. Mo jó níbẹ̀, mo ní, “Ìyá mi, ẹ wò ó! Ẹ wò ó o!”

Ìyá Ọmọ́yẹlé ní, “Obìnrin, dákẹ́.”

Mo jáwọ́ ijó. Igbá omi náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, Yẹ̀kínì sì ti na ọwọ́ láti gbà á. Obìnrin náà da omi náà sílẹ̀.

Ó ní, “Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ kejì tí mo sin ín. Mo ní mo rí ẹni tó pa á. Wọ́n ní ẹjọ́ ti tán, dẹ́rẹ́bà ti jẹ́wọ́. Mo ní irọ́ ló pa. Wọ́n ní ta ló ń purọ́ mọ́ ara rẹ̀, wọ́n ní ọ̀fọ̀ ló ń dà mí láàmú, wọ́n lé mi jáde. Mo lọ sí kóòtù, wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Ọkùnrin yẹn pa ọmọ mi, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì. Ìwọ, o fara balẹ̀, o la ẹnu rẹ, o sì gba ẹ̀rí lẹ́nu mi.”

Yẹ̀kínì ní, “Ìyá mi ló ń ṣàìsàn, mà.”

“Èmi náà, ìyá ni mí.” Ohùn rẹ̀ kò ga. “Láràárọ̀ ni mo ń lọ sídìí sàréè ọmọ mi. Orúkọ ẹni méjì ni mo máa ń dá níbẹ̀ bí mo bá ń ṣépè. Orúkọ tìrẹ ló ń ṣáájú.”

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ pé ọdún méjì ni àbúrò mi fi jẹ ẹ̀wà oníkòkòrò, pé ó ti jìyà tó, pé kí ló tún kù tó fẹ́. Kí n tó la ẹnu, Yẹ̀kínì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja síbi tí omi náà ti mú ilẹ̀ rọ̀, àyà àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Ìyá Ọmọ́yẹlé wò ó díẹ̀. Kò ní kó dìde. Ó gbé igbá rẹ̀, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Oòrùn yẹ̀. Àwọn ará abúlé tó ń ti oko bọ̀ ń wò wá, wọ́n ń yà fún wa. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fà á lápá, mo ní, “Yẹ̀kínì, dìde. Fọlárìn ti lọ, ohun tá a wá ṣe ti tán. Mo ní kó o dìde.”

Kò gbé orí sókè. Ó ní, “Àǹtí, ẹ máa lọ sílé. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo dọ̀bálẹ̀ fún.”